Ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ àyípadà tó máa di àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ wa?

Ní Ìjọ́ra Badíà àti Ajégúnlẹ̀, ta ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé AS àti SS fún? Àwọn pásítọ̀ ń bèèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni bí àyípadà tó fa gbogbo rẹ̀ ti kéré tó.

Hemoglobin ni púrótéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Apá rẹ̀ kan, beta, jẹ́ amino acid 146 tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni ọ̀rọ̀ wà. Glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀; A nìyẹn. Bí valine bá gba ipò rẹ̀, ó di S, gẹ́gẹ́ bí Vernon Ingram ṣe ṣàwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1956. Bí ó bá jẹ́ lysine ló gbà á, ó di C, tí àwa Yorùbá náà ní. SS ni fòníkú-fọ̀ladìde tó le jù. SC náà jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n CC kì í sábà da ènìyàn láàmú.

Irú ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ tẹ́lẹ̀ fún gbogbo púrótéènì ara ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Google DeepMind gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ AlphaMissense jáde. Ó yẹ mílíọ̀nù 71 àyípadà wò. Ó ní ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún jọ èyí tí kò léwu, ìdá 32 jọ èyí tó léwu; kò lè sọ ti ìyókù. Ṣáájú ìgbà náà, ẹyọ kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ni àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Púrótéènì oríṣiríṣi ẹ̀dá ni ẹ̀rọ náà fi kọ́ṣẹ́. Ibi tí amino acid kan kì í yí padà láti ara ẹ̀dá kan sí òmíràn, ó gbà pé ibẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó tún ń wo àyípadà tó wọ́pọ̀ lára ènìyàn: èyí tó bá wọ́pọ̀, ó kà á sí aláìléwu.

Ibẹ̀ ni mo ti ń kọminú. S wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí ibà: ní 1954 ni Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í sábà kọlu ọmọ AS kíkankíkan. Ní àdúgbò tí omi ń dúró sí, tí ẹ̀fọn ń pọ̀ sí, ohun kan náà tó ń dáàbò bo ọmọ yìí ló ń dá ẹni SS lóró. Kò sí bí máàkì kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ bá fún S ṣe lè sọ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni S kì í ba ìrísí hemoglobin fúnra rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọ́síjìn bá kúrò lára àwọn hemoglobin S ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, tí ẹ̀jẹ̀ á sì wọ́. Àyípadà tó ń ba ìrísí jẹ́ ni irú ẹ̀rọ yìí mọ̀ jù.

Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n tilẹ̀ fi ń kọ́ ọ? Ti àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù. Ní 2020, ìwádìí H3Africa wo ènìyàn 426 péré láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 13, ó sì bá àyípadà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ìjọba wa gbọ́dọ̀ náwó sí irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ̀rọ má baà máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dá ẹjọ́ tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, ẹ̀yin méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti débi fòníkú-fọ̀ladìde, ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì ilé ìwòsàn LUTH.