KÍ NI ỌMỌ WA KỌ́ LỌ́DÚN YÌÍ?

 

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti parí nínú oṣù Júláì, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí ni pé, "Ipò kélòó ni o mú?" Bí ọmọ bá mú ipò kìíní, a ó pa adìẹ. Bí ó bá mú ipò ogún, a ó fajú ro. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ tí ó gba ipò kìíní láàrin àwọn tí kò mọ ìwé kà lè má mọ̀ ọ́n kà òun náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: kí ni ọmọ wa kọ́, kí ni ó sì lè fi ṣe? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí, kí òbí tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí pàápàá lè mọ ohun tí yóò máa bi ọmọ rẹ̀.

Ọdún kan, iṣẹ́ púpọ̀

Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì pín sí táàmù mẹ́ta. Nínú rẹ̀, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kọ́ èdè Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìtọ́jú ilé, ìmọ́tótó àti eré ìdárayá, iṣẹ́ ọnà, àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Ní ilé kéwú, a tún fi Kùránì àti èdè Lárúbáwá kún un. Ẹni tí ó bá wo orúkọ iṣẹ́ wọ̀nyí lè rò pé ẹrù ti pọ̀ jù fún orí ọmọdé. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìka ọwọ́ kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá dá dúró, kò lè gbé igbá.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ní àdúgbò wa. Kò sí ọmọ Oko Ọba tí kò mọ màlúù, nítorí ọjà rẹ̀ àti ilé ìpẹran wà nítòsí. Bí a bá ní kí ọmọ ṣírò iye tí alápatà yóò jèrè lórí màlúù kan, ìṣirò ni. Bí a bá sọ fún un pé ẹran ajẹko ni màlúù, pé ó ń jẹ àpọ̀jẹ, pé ikùn rẹ̀ sì pín sí yàrá mẹ́rin, sáyẹ́ǹsì ni. Bí a bá bi í pé níbo ni a ti kó o wá, tí ó dárúkọ ìlú òkè Ọya, tí ó sì mọ ìdí tí Yorùbá, Haúsá àti Fúlàní fi ń gbé pọ̀ ní Agége, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni. Bí ó bá mọ̀ pé wàrà tí a kò sè lè kó ikọ́ ife ran ènìyàn, ìmọ́tótó ni. Bí ó bá mọ bí a ti ń pa ẹran kí ó tó di hàláàlì, ẹ̀kọ́ ìsìn ni. Màlúù kan ṣoṣo ni, ó sì ti di iṣẹ́ márùn-ún.

Bákan náà ni ojú irin. Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, Agége sì ni ó gbà kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó àti obì ni a fi mọ Agége. Ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, tí Jacob Kẹ́hìndé Coker jẹ́ aṣáájú láàrin wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀, ìtàn àti òwò kò jìnnà síra wọn.

Èdè ni ìlẹ̀kùn

Bí gbogbo iṣẹ́ bá so kọ́ra báyìí, kí ni okùn tí ó so wọ́n? Èdè ni. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ kò lè gbọ́ ìṣirò, kò sì lè gbọ́ sáyẹ́ǹsì. Yóò kàn máa há a sórí ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo iṣẹ́, bí àṣà ti rí. Nígbà tí a fi wọ́n wéra, àwọn tí ó lo Yorùbá títí dé òpin ṣe dáadáa jù nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, òbí tí ó ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nílé, ìlẹ̀kùn ìmọ̀ ni ó ń tì mọ́ ọmọ náà.

Ẹ tún wo bí a ti ń ka iye. Yorùbá a máa pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ìyẹn ni pé a yọ márùn-ún nínú àádọ́ta. Lárúbáwá a ní márùn-ún àti ogójì. Gẹ̀ẹ́sì a ní ogójì àti márùn-ún. Ọmọ tí ó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ́ àròpọ̀ àti àyọkúrò láìmọ̀. Lárúbáwá pàápàá kò ṣàjèjì sí i: wákàtí, àlàáfíà àti àlùbáríkà tí ó ń pè lójoojúmọ́, láti inú Lárúbáwá ni wọ́n ti wá.

Ilé kéwú náà

Ọdún 1955 ṣe pàtàkì ní agbègbè wa. Nínú oṣù Jánúárì ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Agége wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory kó Markaz, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, wá sí Agége. Ó tò ó ní kíláàsì-kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà dúró lórí wàláà nìkan, kí ó lè gbọ́ Lárúbáwá, kí ó sì lè kọ ọ́. Sheikh náà kú ní 1992, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún wa kò kú: kíkà láìgbọ́ ìtumọ̀ kò tíì dé ibi tí à ń lọ.

Ohun tí ẹ ó bi wọ́n

Lójú tiwa, bí ọmọ bá parí kíláàsì kìíní, ó yẹ kí ó lè kọ orúkọ rẹ̀, kí ó mọ a, b, d àti àlífù, bàá, kí ó sì lè ka nǹkan dé ọgọ́rùn-ún. Ní òpin kíláàsì kẹta, ẹ fún un ní ojú ewé kan ní èdè Yorùbá. Kí ó kà á, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó kà. Ní òpin kíláàsì kẹfà, ẹ ní kí ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún yín, kí ó sì ṣírò èrè ọjà ìyá rẹ̀. Òbí tí kò mọ ìwé lè ṣe èyí: etí ni a fi ń gbọ́ bóyá ọmọ mọ ohun tí ó ń sọ.

Bí ọmọ kò bá lè ṣe é, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ẹ wá rí olùkọ́ rẹ̀ kí ìsinmi tó parí. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ìkẹjà sún mọ́ wa, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa yóò ti wá iṣẹ́. Ìkìlọ̀ tí a kọ sára ẹ̀rọ àti àgbá kẹ́míkà kì í bèèrè ipò tí ènìyàn mú. Ẹni tí ó bá lè kà á ni yóò mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí a jẹ èrè wọn. Àmín.