Ìkookò ni, kì í ṣe akátá: bí DNA ṣe tún ẹbí ajá tò

Títí di ọdún 2015, ìran ẹranko 35 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kà mọ́ ẹbí ajá lágbàáyé. Lọ́dún náà, ó di 36. Kò sẹ́ni tó wọ igbó kìjikìji lọ rí ẹranko àjèjì kan o. Èyí tó fa àfikún náà ti ń gbé nítòsí àwọn darandaran láti ọjọ́ tó ti pẹ́, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Íjíbítì, láti Àlìgéríà wá sí àríwá Nàìjíríà, títí lọ dé Tàǹsáníà. Ó máa ń wọ̀n tó kílò 7 sí 15. Ó ń jẹ eku, kòkòrò, èso àti òkú ẹran, bó bá sì rí ọmọ àgùntàn tí olùṣọ́ rẹ̀ ti sùn lọ, á gbé e. Akátá ni wọ́n pè é nínú ìwé. Wọ́n ní òun àti akátá tó wà ní Éṣíà àti gúúsù Yúróòpù kò yàtọ̀, nítorí bí èèyàn bá gbé àwòrán àwọn méjèèjì síra wọn, ó ṣòro láti mọ èwo ni èwo.

DNA ló tú àṣírí. Àwọn olùwádìí kan, Klaus-Peter Koepfli, Robert Wayne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, yẹ àkọsílẹ̀ ìran tó wà nínú ara àwọn ẹranko náà wò, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìkookò, ti ajá àti ti coyote ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ọdún tí akátá Éṣíà ti ya ọ̀nà tirẹ̀ kúrò nínú ìdílé tí ìkookò ti jáde. Ti Áfíríkà kò yà títí di nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó jọ ọ́ bí ìbejì kọ́ ni iyèkan rẹ̀ nígbà náà. Ìkookò ńlá tó ń rìn nínú yìnyín ní Kánádà, tó lè wọ̀n ju kílò 40 lọ, sún mọ́ ọn ju akátá yẹn lọ.

Kí ló wá mú kí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀? Oúnjẹ òòjọ́ ni. Ní ilẹ̀ gbígbóná tí omi ti wọ́n, tó jẹ́ pé eku àti tata ni ẹran tó wà nítòsí, ara ńlá kò wúlò, nítorí ara ńlá kì í yó bọ̀rọ̀. Èyí tó kéré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí irun rẹ̀ sì jọ iyanrìn, ló máa yè láti bímọ. Ọ̀nà àtijẹ kan náà ni àwọn méjèèjì tọ̀, wọ́n sì wá rí bákan náà, láìjẹ́ pé ọ̀kan fara wé èkejì.

Àwọn ará àtijọ́ kò ṣàìfura. Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn pé ìkookò Íjíbítì kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, Aristotle náà sì ní wọ́n kéré sí ti Gíríìkì. Lọ́dún 1880, Thomas Huxley wo agbárí ẹranko yìí ní Ìlú Ọba, ó ní ó jọ ti ìkookò Íńdíà. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 2011 ni àyẹ̀wò DNA láti Íjíbítì àti Ẹtiópíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́yìn, ti Àlìgéríà, Málì àti Sẹ̀nẹ̀gà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2012. Lójú tèmi, ìtìjú ńlá ló jẹ́ pé ẹranko tó gba ilẹ̀ tó tó báyìí nílé wa ní láti dúró di ìgbà yẹn kó tó gba orúkọ rẹ̀, ìkookò Áfíríkà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Lọ́dún 2018, ìwádìí tí Shyam Gopalakrishnan ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé àdàlù ni ìkookò Áfíríkà fúnra rẹ̀: nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ìran rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìkookò aláwọ̀ eérú, èyí tó wà káàkiri Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà Àríwá, ìdá 28 tó kù wá láti ọ̀dọ̀ ìkookò Ẹtiópíà. Èyí kò ṣàjèjì nínú ẹbí yìí. Ìkookò, coyote, akátá Éṣíà àti ajá lè gun ara wọn, kí ọmọ tí wọ́n bí náà sì tún bímọ. Ààlà tó wà láàárín wọn, etídò ni, kì í ṣe odi: omi a máa kún dé òkè nígbà míì.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀dọ̀ ìkookò Áfíríkà ni ajá tó ń sùn lẹ́yìn ilé wa ti ṣẹ̀ wá. Rárá o. Ìkookò aláwọ̀ eérú ni baba ńlá gbogbo ajá, láti orí èyí tí wọ́n ń gbé sápá títí dé orí ajá ọdẹ, agbo ìkookò tí wọ́n sì ti jáde gan-an ti kú run. Ní Bonn-Oberkassel, ní Jámánì, wọ́n hú sàréè kan lọ́dún 1914 tí ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá jọ wà nínú rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 14,000 ọdún. Lọ́dún 2022, Anders Bergström, Pontus Skoglund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì DNA ìkookò àtijọ́ 72 jáde. Ó hàn níbẹ̀ pé ìkookò ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà àtijọ́ ni gbogbo ajá sún mọ́ jù, ṣùgbọ́n ajá ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn tún ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn, tó lè tó ìdajì, láti ọ̀dọ̀ ìkookò tó jọ ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Éṣíà. Ajá tí ọdẹ wa ń fọn fèrè sí, tí wọ́n sì fi ń bọ Ògún, àlejò tó ti di onílé ni.

Àwọn kan sì wà tí ojú ń pè ní ajá tí wọn kì í ṣe ajá. Ajá ìgbẹ́ Áfíríkà, èyí tí awọ rẹ̀ jẹ́ adíkálà, wà nínú ẹbí náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti yà lọ tipẹ́: ìka mẹ́rin ló ní lẹ́sẹ̀ iwájú, ajá ní márùn-ún, wọn kì í sì í bímọ fún ara wọn. Ní ti kúrà (hyena) tí àwọn Hausa kan máa ń fi ṣéènì fà kiri ìgboro, kò sí nínú ẹbí yìí rárá. Ológbò ló sún mọ́ ju ajá lọ.

Ìrísí kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Colossal Biosciences ti Amẹ́ríkà kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé àwọn ti jí dire wolf dìde, ìyẹn ẹranko ńlá kan tó ti kú run ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó mọ ìtàn ìkookò Áfíríkà rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tún ibi 20 ṣe lára jíìnì 14 nínú sẹ́ẹ̀lì ìkookò aláwọ̀ eérú, ọmọ mẹ́ta tó funfun, tó sì sígbọnlẹ̀, jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ìwádìí ọdún 2021 ti sọ pé ó ti tó mílíọ̀nù 5.7 ọdún tí dire wolf àti ìkookò ti pínyà. Àwọn ògbóǹtarìgì ẹbí ajá ní IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, sọ ọ́ gbangba pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe dire wolf.

Owó tó ń wọlé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbá wúlò lórí òkè Bale ní Ẹtiópíà. Ìkookò Ẹtiópíà, tó fún ti Áfíríkà ní ìdá 28 yẹn, kò ju nǹkan bí 500 lọ mọ́ láyé, àwọn tó sì wà ní Bale ju ìdajì wọn lọ. Orí òkè tó ga ju mítà 3,000 lọ ni wọ́n ń gbé, eku ni wọ́n ń dọdẹ, àwọn olùwádìí sì ròyìn lọ́dún 2024 pé wọn a máa lá omi dídùn inú òdòdó. Ohun tó ń pa wọ́n jù ni ìbátan wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn. Ajá àwọn darandaran ló ń kó àrùn dìgbòlugi gòkè lọ bá wọn. Lọ́dún 2003, ó pa nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó wà ní àfonífojì Web ní Bale. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dọọdún ni àwọn tó ń dáàbò bo ìkookò náà ń gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ajá abúlé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ọdún 2018, wọ́n tún ń fi oògùn náà sínú ẹran ewúrẹ́, wọn a lọ jù ú sílẹ̀ lóru níbi tí àwọn ìkookò á ti rí i jẹ.