Ohùn Àgbà Nínú Àwo: Títún Giramafóònù Àtijọ́ Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà àgbà ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, àpótí onígi kan wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún mọ́. Eruku ti bo ojú rẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó ni wọ́n tò sí orí rẹ̀, àwọn ọmọ ilé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní ìdérí tí a lè ṣí. Bí a bá ṣí i, giramafóònù ni a ó bá nínú rẹ̀: àtẹ roboto tí ń yí, àti apá tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ́rẹ́ wà ní orí rẹ̀. Baba tí ó fi owó oṣù rà á lè ti di ará ọ̀run. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn ọmọ ni èyí: ṣé kí wọ́n gbé e fún àwọn tí ń ra irin ni, àbí kí wọ́n tún un ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìbà Housing Estate, ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ilé tí a kọ́ fún mẹ̀kúnnù nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè, ẹni tí ó ṣe gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983. Ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ń kó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù ni olórí ohun ìgbádùn; ẹni tí ó bá ní ṣénjà nínú pálọ̀ rẹ̀, àlejò kì í wọ́n nílé rẹ̀. Ìbà kò sì jìnnà sí ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, níbi tí ẹ̀rọ àlòkù tí a ń pè ní tòkunbọ̀ ti ń wọlé láti òkè òkun, tí àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe sì pọ̀ sí. Ẹni tí ń gbé etí odò kò yẹ kí ó máa fi itọ́ bọ́jú.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ irin àti igi lọ ni ohun tí ó wà nínú àwo. Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, baba ńlá Fẹlá, kọ orin ẹ̀sìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Yusuf Ọlátúnjí onísákárà dágbére fún ayé ní 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà ní 1980, Hárúnà Ìṣọ̀lá alápàlà ní 1983. Ohun tí àwọn olórin wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọ́n ń ki ènìyàn. Wọ́n ń dárúkọ oníṣòwò, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ìlú àti ìdílé, wọ́n sì ń pè wọ́n ní orílẹ̀ wọn. Ó ṣeé ṣe kí oríkì baba baba ẹnìkan má sí níbòmíràn mọ́ bí kò ṣe nínú àwo kan tí ó wà ní abẹ́ ibùsùn. Bí a bá ti ju ẹ̀rọ náà nù, kò ní pẹ́ tí àwo náà yóò fi tẹ̀ lé e, nítorí pé kò sí ohun tí a ó fi gbọ́ ọ mọ́.

Ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo àkọ́kọ́, tí ó wúwo tí ó sì tètè ń fọ́ bí àwo tánńganran, a máa yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo gbọọrọ oníke jáde, èyí tí ń yí ní ìgbà 33⅓. Ní 1949 ni RCA Victor gbé àwo kékeré onígbà 45 jáde. Láàárín àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ wọn, Garrard àti BSR ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́pọ̀ nínú àpótí onírédíò, Dual ti wá láti Jámánì, Philips láti Họ́láńdì. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan ni ó wà láàárín ẹ̀rọ ayíbírí àti àtẹ, òun ni ó ń fi ara ti àtẹ kí ó lè yí. Nínú àwọn mìíràn, bẹ́líìtì rọ́bà ni. Nígbà tí ó di 1970, Technics ti Japan gbé èyí tí àtẹ rẹ̀ jókòó sórí ẹ̀rọ ayíbírí gan-an jáde, tí kò lo kẹ̀kẹ́ tàbí bẹ́líìtì rárá.

Iṣẹ́ àtúnṣe kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títan iná. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nìyẹn: wọn a gbé ẹ̀rọ tí ó ti sùn fún ogún ọdún, wọn a ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri, èéfín a sì sọ. Wáyà àtijọ́ a máa gbẹ kí rọ́bà ara rẹ̀ sì ré bọ́. Kápásítọ̀ náà a máa bàjẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ orí, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru. Bí áńpílífáyà onígílóòbù bá wà nínú àpótí náà, kápásítọ̀ rẹ̀ lè gbé iná tí ó lè pa ènìyàn pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ibẹ̀ yẹn, oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni kí a gbé e lé lọ́wọ́. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a yẹ gbogbo wáyà wò, kí a sì pààrọ̀ èyí tí ó ti gbó, kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ gírísì. Nígbà tí a ṣe ẹ̀rọ náà, gírísì inú rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó gan bí oje igi, ó sì so irin pọ̀. Ìdí nìyí tí apá kì í fi í gbéra mọ́ tàbí tí ṣénjà kì í fi í ju àwo sílẹ̀. Ẹlòmíràn a fi agbára fà á, irin a sì kán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a fi òwú àti sípírítì nu gírísì àtijọ́ kúrò ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi tuntun díẹ̀ sí i. Kí a yọ àtẹ, kí a nu ọ̀pá ìdí rẹ̀ àti ihò tí ó ń gbé, kí a sì kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ bí ìkán méjì sí i. Ṣùgbọ́n òróró kò gbọ́dọ̀ kan kẹ̀kẹ́ rọ́bà tàbí bẹ́líìtì, nítorí pé yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Bí rọ́bà náà bá ti ń dán, kí a fi sánpépà kíkúnná họ ojú rẹ̀ díẹ̀, kí a sì fi sípírítì nù ún; bí ó bá ti le bí òkúta tàbí tí ó ti sán, a kò lè ṣàì pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń yí, ó kù kí a mọ̀ bóyá ó ń yí bí ó ti yẹ. Kò sí irinṣẹ́ olówó ńlá tí a nílò. Kí a lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo, kí a wo aago, kí a sì máa kà. Àwo onígbà 33⅓ gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 100 gééré ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Onígbà 45 gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan.

Níhìn-ín ni ará Ìbà tí ó lọ ra tòkunbọ̀ ti gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Iná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, agbára rẹ̀ kò sì ju 120 fóòtì lọ, nígbà tí tiwa jẹ́ 230. Ẹ̀rọ ayíbírí àtijọ́ a máa tẹ̀ lé ìlọ-bọ̀ iná. Tiransifọ́mà lè sọ agbára iná di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Nítorí náà, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀, tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33⅓, yóò máa yí ní nǹkan bí ìgbà 28. Àyàfi bí a bá rí ọ̀pá ìyíkẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún iná 50 fi pààrọ̀ tirẹ̀, kò ní kọrin bí ó ti yẹ.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi tàbí fíríìjì bá gbéra lójijì, jẹnẹrétọ̀ kékeré a rẹ̀wẹ̀sì, ìlọ-bọ̀ iná a lọ sílẹ̀, a tún gòkè. Àwo náà a sì máa yí ní ìyíkúyìí. Fún èdè mìíràn, ohun ìdààmú etí lásán ni èyí. Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́. Ohùn ni ó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ohùn náà sì ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí àwo bá falẹ̀ ní ọgbọọgba, gbogbo ohùn ni yóò jùmọ̀ sọ̀kalẹ̀, a ṣì lè mọ ohun tí gángan ń wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láàárín gbólóhùn kan náà, ohùn òkè a di àárín, àárín a di ìsàlẹ̀, ìlù a sì máa sọ ohun tí onílù kò sọ. Ẹni tí kò ní iná tí ó dúró ṣinṣin, ìnfátà rere ni kí ó fi gbọ́ àwo rẹ̀, tàbí kí ó wá irú ẹ̀rọ tí ó ń ṣọ́ ìyára ara rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ló kàn. Abẹ́rẹ́ tí ó ti jẹ kì í ṣe olóhùn burúkú nìkan, ọ̀bẹ ni; bí ó ti ń kọrin ni ó ń họ ojú àwo dànù. Ojú ìlà àwo onígbà 78 fẹ̀ ju ti àwo gbọọrọ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà abẹ́rẹ́ kan kò lè sin àwọn méjèèjì. Èyí tí a fi dáyámọ́ńdì ṣe a sì máa pẹ́ ju ti sáfírè lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ baba rẹ̀ dára ju bí ó ti wà lọ lè pààrọ̀ orí abẹ́rẹ́. Orí àtijọ́ a máa tẹ àwo bíi gíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà. Orí onímágínẹ́ẹ̀tì kò nílò ju gíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì lọ, ojú àwo a sì pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí a kíyè sí. Èkíní, apá tí kò yọ̀ dáadáa kò lè gbé orí fífúyẹ́. Fífò ni yóò máa fò. Èkejì, iná tí orí onímágínẹ́ẹ̀tì ń mú jáde kéré jọjọ, a sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kékeré kan gbé e ga kí ó tó dé áńpílífáyà. Ẹ̀rọ kékeré yìí náà ni ó ń dá ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn olùtẹ àwo ti dín kù padà, tí ó sì ń rẹ ohùn tín-ín-rín tí wọ́n fi kún un sílẹ̀. Láti 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti fẹnu kò lórí ìlànà kan, àwọn yòókù ní àgbáyé sì wá tẹ̀ lé e. Bí ohùn bá ń kùn hùn-ún, kí a yẹ wáyà ilẹ̀ wò. Kí a má sì gbé sípíkà sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú giramafóònù, nítorí pé jìnnìjìnnì rẹ̀ yóò padà gba inú abẹ́rẹ́ wọlé.

Àwo náà nílò ìtọ́jú. Kí a fi omi mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò le fọ̀ ọ́, kí omi má kan bébà àárín rẹ̀. Sípírítì kò gbọ́dọ̀ kan àwo onígbà 78, nítorí pé yóò jẹ ojú rẹ̀. Kí a tò wọ́n ní ìnàró bí ìwé, kí oòrùn má pa wọ́n.

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo orin ti wà nínú fóònù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Orin tí ó lókìkí ni ó tètè ń dé inú fóònù. Èyí tí wọ́n fi ki baálẹ̀ abúlé kan tàbí ẹgbẹ́ kékeré kan lè má débẹ̀ láéláé, àyàfi bí ẹni tí ó ni àwo bá fi ẹ̀rọ rere gbọ́ ọ, tí ó sì gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àtijọ́ àti òde òní kì í ṣe ọ̀tá ara wọn níhìn-ín. Ọ̀kan ni yóò gbé èkejì dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, kí a tó pe àwọn tí ń ra irin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé àwòrán ìgbéyàwó kúrò lórí àpótí náà, kí a ṣí i, kí a sì ka orúkọ tí ó wà lára àwo tí ó gbẹ̀yìn lórí àtẹ. Ó lè jẹ́ ẹnìkan tí a mọ̀ ni wọ́n ń kì.