Kòkòrò Ẹ̀wà: Afẹ́fẹ́ Ni Ẹ̀mí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà la gbé dé lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí aláṣọ àti aláta náà má ṣí ìwé kọjá o. Gbogbo wa la ń se ẹ̀wà nílé.

Kí ló ń sọ àpò ẹ̀wà di ìyẹ̀fun nínú ìsọ̀? Ẹlòmíràn á ní ẹni tó ta á fún òun ló ṣe òun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti oko ni kòkòrò yìí ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Bí ẹ̀wà bá ń gbó lóko l'Ókè Ọya, kòkòrò á fò lọ yé ẹyin sí i. Díẹ̀ ló máa ń bá lọ́rí dé. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń di púpọ̀.

Abo kan lè yé tó 100 ẹyin, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ara hóró ẹ̀wà. Àmì funfun bíńtín tí ẹ máa ń rí yẹn, ẹyin ni. Bí ẹyin bá pa, ọmọ inú rẹ̀ kì í jáde síta rárá; abẹ́ ibẹ̀ gan-an ló ti máa lu hóró wọlé, á máa jẹ, á máa dàgbà. Bí ooru bá mú, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò fi dáhò jáde. Àgbà tó jáde yìí kò nílò oúnjẹ tàbí omi mọ́; ẹyin yíyé ló kù. Ká ní ìyá kan yé 80, tí 40 nínú wọn jẹ́ abo, tí àwọn náà yé 80 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyin 3,200 ti délẹ̀ nìyẹn!

Ó tún gbọ́n. Bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú àpò, tí ibẹ̀ gbóná, irú mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín wọn, èyí tó mọ̀ ọ́n fò ju àwọn tó kù lọ, kó lè wá ibòmíràn lọ. Àpò tí ẹnì kan pa tì lè di wàhálà gbogbo ìlà ìsọ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè ṣe aláìní afẹ́fẹ́. Omi kò tó nǹkan nínú ẹ̀wà gbígbẹ. Inú ohun tó ń jẹ àti afẹ́fẹ́ tó ń mí ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, á dá oúnjẹ dúró, ara rẹ̀ á gbẹ, á kú.

Ohun tí àpò PICS ń lò nìyẹn: ọ̀rá nínípọn méjì nínú ṣáká kan. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ dà á sínú ọ̀rá inú, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ dì í pinpin. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀rá kejì, kí ẹ tó di ṣáká. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ni yóò mí afẹ́fẹ́ tó kù tán. Owó rẹ̀ ju ti ṣáká lásán lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá lu, a lè tún un lò. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ kò pọ̀ lè lo kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, kó kún dé ẹnu. Ẹ má máa tú u wò lójoojúmọ́ o!

Oògùn olómi ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí i. Dichlorvos tó máa ń wà nínú ọta-pia-pia, májèlé ni. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fi dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀. Oníbàárà tó ra kóńgò kan, ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ sè é fún. Ohun tí a ò lè fún ọmọ tiwa jẹ, ẹ má jẹ́ ká wọ̀n ọ́n fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ọjà á tà o. Kòkòrò kò ní jẹ èrè wa.