Alùpùpù Ítálì Tí Ó Fẹ́ Jẹ Owó Àjọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá rí tíṣà tí ó dúró ṣanṣan níwájú alùpùpù, tí ó ń wò ó bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà, ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni mo fi dá àjọ kí n lè ra ohun tí yóò máa gbé mi láti Awo lọ sí Ẹdẹ. Bí mo ti kó àjọ náà ni mo gbọ́ pé ẹnì kan ní Ìbàdàn fẹ́ ta Ducati Monster tòkunbọ̀.

Vespa tí àwọn tíṣà ayé àtijọ́ ń gùn, Ítálì náà ni Piaggio ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 1946. Ṣùgbọ́n Monster kì í ṣe ẹgbẹ́ Vespa o! Miguel Galluzzi ni ó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n fi í han aráyé ní Cologne ní 1992. Kò wọ aṣọ kankan: ẹ́ńjìnì rẹ̀ àti irin tí ó gbé e ró wà ní gbangba. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣíná sí i, ilẹ̀ mì, orí mi sì wú.

Ọpẹ́lọpẹ́ mẹkáníìkì tí mo mú lọ láti Ẹdẹ. Kò tilẹ̀ wo bí ó ti ń dán. Ó ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ kẹ́yìn?" Ọkùnrin náà ní, "Bẹ́líìtì wo?" Ara fu mí. Mẹkáníìkì ṣàlàyé fún mi pé bẹ́líìtì méjì, tí í ṣe rọ́bà, ni ó ń yí irin tí ń ṣí fáàfù, tí ó sì ń pa á dé. Rọ́bà a sì máa gbó bí alùpùpù tilẹ̀ dúró sójú kan. Bí ó bá já lórí eré, písítìnì yóò kọlu fáàfù, ẹ́ńjìnì bàjẹ́ nìyẹn.

"Tíṣà, ta ni yóò bá yín tún un ṣe ní Awo? Níbo ni ẹ ó ti rí pátì rẹ̀?"

Èmi tí mo ń fi ìbéèrè da ọmọ ilé ìwé láàmú, n kò rí èsì fọ̀.

A wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn alùpùpù náà, a fi í wé ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Méjì tí ó kẹ́yìn kò bára mu. Ó ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó bá dá mi dúró lójú ọ̀nà kò ní lọ bi akọ̀wé.

Mo di owó mi mọ́ra, mo wọkọ̀ padà sílé.

"Bàbá Táyọ̀, alùpùpù dà?"

Mo ní ó wà ní Ìbàdàn. Ìyàwó mi gba owó náà, ó tì í mọ́ àpótí, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì náà.