Owó Ìsìnkú Ni A Fi Gba Ìyá Ìkókó

Ẹ ó rí i nínú ìròyìn ìbí pé ìyàwó télọ̀ kan nínú wa bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Ohun tí ẹ kò ní í rí níbẹ̀ ni pé ọjọ́ 11 ni ìyá ìkókó náà fi sùn sórí ẹní nílé ìwòsàn ìjọba lẹ́yìn tí dókítà ti ní kó máa lọ sílé, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò rí owó iṣẹ́ abẹ san. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, pẹ̀lú oyin tí nọ́ọ̀sì kan fi owó ara rẹ̀ rà.

Àwa tí ẹgbẹ́ rán lọ fi ìbínú wọlé. Obìnrin Wẹ́fíà tí a bá ṣí ìwé rẹ̀ hàn wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí ẹni tí kò lówó, kó sì bá a wá ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kó fi ṣe é ti tán pátápátá. Bí ilé ìwòsàn kò bá sì gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan, kò ní í rí òògùn àti epo ẹ̀rọ iná rà fún ẹlòmíràn. Nítorí náà dókítà a dáwó, nọ́ọ̀sì a dáwó, òun a lọ bẹ̀bẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí èyí kò bá kárí, wọ́n á dá a dúró. Ó fi Hausa sọ fún wa pé, “Bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ẹbí rẹ̀ á pé jọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin àlejò ni n kò mọ ilé yín.” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò, àwọn bàbá wa sì bá a dé.

Òfin kúkú wà. Òfin ìlera ti 2014 ní kí a ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ti 2022 sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí owó kan wà fún àwọn aláìní. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ inṣọ́ránsì yìí ní 2005. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kò fi tètè bèèrè báwo ni télọ̀ àti oníṣòwò ṣe ń ṣe é.

Ní ìpàdé, akápò ní owó kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni owó ìsìnkú, èyí tí a fi ń gbé òkú lọ sílé. Bàbá àgbà kan ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó òkú. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà. Ìyá Ẹgbẹ́ wá dìde, ó bèèrè bóyá kí a dúró títí obìnrin náà yóò fi di ẹni tí owó náà tọ́ sí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọjọ́ kejì ni a san án.

Télọ̀ ti ń dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, akọ̀wé yóò gba orúkọ gbogbo ẹni tí kò tíì sí nínú inṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀. Kí olúkúlùkù mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì wá, ti ìyàwó àti ti àwọn ọmọ pẹ̀lú.