Ẹ má kó ẹrù lóru nítorí gbèsè owó ilé: Bí ayálégbé ṣe lè jáde kí owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ má sì wọmi

Ká sọ pé obìnrin aránṣọ kan wà ní Igbó-Ọrà, tó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó sì gba yàrá kan mọ́ ọn lẹ́yìn ilé náà. Ọjà ò yá, gbèsè owó ilé oṣù márùn-ún sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ti sọ̀rọ̀ títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti di pé bí bàbá náà bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, aránṣọ á ti ilẹ̀kùn, á ṣe bí ẹni pé kò sí nílé. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tí owó rẹ̀ fúyẹ́ ní Èrúwà. Ni ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó pe ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan ní aago méjì òru, kó kó máṣíìnì mẹ́ta, ẹní, ìkòkò àti ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ilẹ̀ tó mọ́ kó ti dé ibi tó ń lọ.

Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó la sọ yìí o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti háyà ilé rí mọ ohun tí à ń wí. Kò sì yọ àwọn onílé náà sílẹ̀, nítorí pé nínú ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹni tó jẹ́ ayálégbé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè jẹ́ láńlọ́ọ̀dù nínú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sí Pólì Èrúwà, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Lánlátẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi yàrá méjì mẹ́ta pawó. Ọ̀rọ̀ yìí kan tọ̀tún tòsì.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí aránṣọ wa mọ̀ ni pé gbèsè kì í dúró lọ́jọ́ tí ẹrù bá jáde. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá padà sọ́wọ́ onílé ló ń dúró. Bí àkókò ayálégbé bá ti parí tí ilé ṣì wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, kóòtù lè má pe owó náà ní owó ilé mọ́, ṣùgbọ́n yóò pè é ní owó ìlò ilé, yóò sì máa kà á títí di ọjọ́ tí onílé bá gba ilé rẹ̀ padà. Iye tí wọ́n sì sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀ náà ni iye owó ilé. Ẹni tó kó ẹrù lóru, tó ti ilẹ̀kùn, tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kò tíì kúrò nínú ilé náà lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èrúwà ló ti ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ₦8,000 ni ṣọ́ọ̀bù àti yàrá náà lóṣù, tí aránṣọ sì ti san ₦20,000 kọ́ṣọ̀n lọ́jọ́ tó wọlé, ìyẹn owó tí onílé ń gbà dání nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Oṣù márùn-ún jẹ́ ₦40,000. Owó iná tó kù jẹ́ ₦3,000, ilẹ̀kùn tí ewúrẹ́ fi ìwo gbá ya yóò gba ₦5,000 lọ́wọ́ káfíńtà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦48,000. Bí wọ́n bá yọ kọ́ṣọ̀n kúrò níbẹ̀, ₦28,000 ló kù. Bí ó bá lè san ₦10,000 lọ́jọ́ tó ń kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ₦18,000 tó ṣẹ́kù kò ju ₦6,000 lóṣù lọ fún oṣù mẹ́ta. Èyí kì í ṣe owó tó yẹ kó lé èèyàn jáde lóru.

Bí ó bá wá sá lọ ńkọ́? Ká ní oṣù mẹ́ta kọjá kí onílé tó rí ilé rẹ̀ gbà. Oṣù mẹ́jọ ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn, ₦64,000 nìyẹn. Fi owó iná àti ilẹ̀kùn kún un, ó di ₦72,000. Yọ kọ́ṣọ̀n, ó ku ₦52,000, láì tíì ka ohun tí kóòtù lè ní kó san fún ìnáwó ẹjọ́. Ìyàtọ̀ ₦24,000 ni òru ọjọ́ kan dá sílẹ̀. Ìlú Ìbàràpá méje náà kò sì tóbi tó ibi téèyàn ń sá pamọ́ sí: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, ìyá oníyàwó ìhín ni oníbàárà tọ̀hún. Aránṣọ tí gbogbo èèyàn mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ibo ló fẹ́ sá gbà?

Nítorí náà, kó lọ bá onílé kó tó pe ọlọ́kọ̀. Kó mú ẹni tó ṣe onídùúró fún un dání bí ojú bá ń tì í. Kó má sọ pé "Bàbá, ẹ forí jì mí" lásán, kó mú ìwé tó ti kọ ìṣirò rẹ̀ sí lọ, kó sì dá ọjọ́ tí yóò kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Onílé tó bá rí ọjọ́ kan pàtó àti owó díẹ̀ lọ́wọ́ yóò rò ó dáadáa, nítorí pé òun náà mọ̀ pé yàrá tó ṣófo lè rí ẹlòmíràn gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n tì pa kò lè pa kọ́bọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kọ́ṣọ̀n yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Onílé mìíràn rò pé owó òun ni látọjọ́ tó ti gbà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ayálégbé ni, ọwọ́ onílé ló kàn wà. Ohun tó tọ́ kó yọ níbẹ̀ ni gbèsè tí wọ́n jọ gbà pé ó wà, àti ohun tí ayálégbé bàjẹ́. Ọ̀dà tó ṣá nítorí pé oòrùn ti ń pa á lọ́dún mẹ́fà kì í ṣe ẹ̀bi ayálégbé, páànù tó dípẹtà kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé tí ọmọ rẹ̀ sọ òkúta fọ́, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi èyí sínú òfin ilé gbígbé wọn ti ọdún 2011: onílé tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ owó ilé gbọ́dọ̀ já rísíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Òfin Èkó kò de ará Ọ̀yọ́ o, ẹ má mú un lọ sí kóòtù ní Èrúwà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn tiwa.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London mọ bí tiwọn ṣe rí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2007, onílé ní England àti Wales kò lè kó irú owó yìí sápò mọ́, àfi kó fi sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá gbà á, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wà ní England báyìí. Láti 2019 náà, kò lè gbà ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ọ̀pọ̀ ilé ní England. Níbí, rísíìtì ni ètò tiwa. Ẹni tí kò bá ní rísíìtì kọ́ṣọ̀n, àlá ló ń rọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ẹ̀rín ló máa ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n ohun ọ̀sìn ti da àdéhùn rú ju bí ẹ ti rò lọ. Adìẹ ń yàgbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ìṣáná ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó onílé sá, ajá ń gbó oníbàárà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú iṣẹ́ tó fún ìjọba ìbílẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ni yóò máa ṣàkóso bí a ṣe ń sin ẹran ilé àti bí wọ́n ṣe ń rìn kiri, ojú ìlà tó tẹ̀ lé e gan-an ló sì ti dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti kíósì. Ẹni tó bá ń kó lọ sí ilé tuntun, kó sọ iye ẹran tó ní kó tó sanwó, kó sì rí i pé ó wọ inú ìwé. Ẹni tó bá ní ajá, kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, kó fi káàdì rẹ̀ pamọ́, nítorí pé onílé tó bá rí káàdì yẹn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àdúgbò kejì nínú ìlú kan náà lẹ ń kó lọ, ẹ so ẹran mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ewúrẹ́ kò mọ̀ pé ẹ ti kó kúrò, ilé àná ló máa padà sí, yóò sì tún lọ jẹ gbèsè míì síbẹ̀.

Ó kan onílé wàyí. Bí inú bá bí yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ tiyín kún ti ayálégbé, ẹ má ṣí páànù lórí rẹ̀, ẹ má kó máṣíìnì rẹ̀ síta. Àwọn kóòtù wa, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé onílé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé, àṣẹ kóòtù nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é lè rí i pé òun tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni yóò tún san owó ìtanràn. Ní Èkó, òfin 2011 yẹn fi ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà dẹ́rù ba ẹni tó bá fi agbára lé ayálégbé jáde. Ọlọ́pàá náà kì í ṣe agbowó ilé. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n buwọ́ lù ní 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí pé ẹnì kan yẹ àdéhùn nìkan kí wọ́n mú un. Gbèsè owó ilé, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni.

Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kò le púpọ̀. Bí àdéhùn bá ti sọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi kìlọ̀ fúnra wọn, òun ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Bí kò bá sọ ọ́, òfin ìgbàpadà ilé tí a ti ń lò láti ayé àwọn òyìnbó, láti 1945, ti pín in: ẹni tó ń sanwó ọlọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń san olóṣooṣù, oṣù kan, ẹni tó ń san oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san ọlọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù. Ayálégbé náà ló yẹ kó fún onílé ní irú ìkìlọ̀ yìí bó bá fẹ́ jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ayálégbé kan máa ń lò: wọn á dé kóòtù, wọn á ní ọjọ́ inú ìwé kúìtì kò pé, wọn á fi ìyẹn gbé ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ojú wo ọgbọ́n yìí ní 2021, nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pillars Nigeria Limited. Wọ́n ní bí àṣìṣe bá tilẹ̀ wà nínú ìwé ìkìlọ̀, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí onílé fi pe ayálégbé lẹ́jọ́ gan-an ti tó ìkìlọ̀ fún un pé kó gbé ilé sílẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́kàn lé ọjọ́ méjì tí kò pé, kó tètè wá nǹkan mìíràn ṣe.

Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá ń padà, ọ̀sán ni kó jẹ́. Kí aránṣọ àti onílé jọ yí inú ilé po, kí wọ́n fi fóònù ya ògiri, ilẹ̀kùn àti ojú míta iná. Ṣẹ́ẹ̀fù tó fi owó ara rẹ̀ kàn fún òwò rẹ̀, ó lè tú u kí àkókò rẹ̀ tó pé, bó bá ti dí ihò tó kù lára ògiri. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé méjì: ọjọ́ òní, iye kọ́kọ́rọ́ tó padà, gbèsè tó wà, kọ́ṣọ̀n tí wọ́n yọ, iye tó kù àti ọjọ́ tí yóò san án. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹlẹ́rìí kan sì buwọ́ lù ú, kí kálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Bí ó bá ti san ₦6,000 ìkẹyìn, kó gba rísíìtì pé kò sí gbèsè mọ́, kó sì mú un lọ fi han onídùúró rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù Èrúwà lè ní kí òun náà rí i.